Ẹ Bi Wá: Ta Ló Fún Wọn Láṣẹ Bọ́ǹbù, Ta Ló sì Gba Ilẹ̀ Lọ́wọ́ Onílẹ̀?

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lóṣù yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá lé ọ̀rọ̀ kan náà: àwọn alágbára ayé a máa fi ojú kan wo ọ̀rẹ́, wọn a sì fi ojú mìíràn wo ọ̀tá, ì báà jẹ́ lórí bọ́ǹbù átọ́míìkì, ì báà jẹ́ lórí ilẹ̀ tí àwọn méjì ń jà sí. A mú méje nínú àwọn ìbéèrè yín. Níbi tí ìdáhùn bá ti gùn, ẹ fara dà á fún wa.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló ní bọ́ǹbù átọ́míìkì tí ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n léèrè. Bí ẹlòmíràn bá dáwọ́ lé tirẹ̀, wàhálà dé. Ta ló fún àwọn márùn-ún yìí láṣẹ?

Ìdáhùn: Ìwé àdéhùn kan tí wọ́n fi ń dènà títàn kálẹ̀ bọ́ǹbù átọ́míìkì ni, NPT lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Oṣù keje ọdún 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí i, ó sì di òfin ní oṣù kẹta ọdún 1970. Ẹ wo ìpín kẹsàn-án rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tí àwọn kà sí oníbọ́ǹbù ni orílẹ̀-èdè tó ti ṣe bọ́ǹbù, tó sì ti dán an wò, kí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1967 tó dé. Amẹ́ríkà ti dán tirẹ̀ wò ní 1945, Rọ́ṣíà ní 1949, Gẹ̀ẹ́sì ní 1952, Ṣáínà ní 1964. Ti Faransé jẹ́ 1960, inú aṣálẹ̀ Alìgéríà ló sì ti dán an wò, nígbà tó ṣì ń jọba lé àwọn ará ibẹ̀ lórí. Nígbà tí Íńdíà fi máa dán tirẹ̀ wò ní 1974, ilẹ̀kùn ti tì.

Ojúsàájú tí wọ́n kọ sínú òfin gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán: àwọn yòókù kò fọwọ́ sí i lásán. Pàṣípààrọ̀ ni. Wọ́n gbà pé àwọn kò ní ṣe bọ́ǹbù, kí àwọn sì lè fi agbára átọ́míìkì ṣe iná mànàmáná àti oògùn. Àwọn márùn-ún náà gbà, nínú ìpín kẹfà, pé àwọn yóò fi òtítọ́ inú jókòó láti kó bọ́ǹbù tiwọn kúrò. Ní 1995 wọ́n sọ àdéhùn náà di ti títí láé. Ní 1996 gbogbo adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague fohùn ṣọ̀kan pé gbèsè ni ìpín kẹfà jẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó lé ìjíròrò náà títí yóò fi parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, bọ́ǹbù 12,241 ló ṣì wà láyé gẹ́gẹ́ bí ìṣirò SIPRI, ilé ìwádìí kan ní Sweden. Ti Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Lójú tiwa, ìpín kẹfà yìí burú ju ọ̀rọ̀ ọdún 1967 lọ. Ọdún 1967 ti kọjá, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ìpín kẹfà wà nílẹ̀ lónìí, kò sì sẹ́ni tó ń fìyà jẹ àwọn tó kọ̀ láti san án.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọ́n ń yẹ gbogbo kọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìránì wò, tí wọ́n tún ju bọ́ǹbù sí i, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í wo inú ilé Ísírẹ́lì?

Ìdáhùn: Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí pín sí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pò wọ́n pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ohun tí òfin wí. Ìránì fọwọ́ sí NPT, nítorí náà dandan ni kó ṣílẹ̀kùn fún IAEA, àjọ tó ń mójú tó agbára átọ́míìkì lágbàáyé. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà a máa lẹ èdìdì mọ́ ẹnu àgbá, wọn a gbé kámẹ́rà kọ́, wọn a fi aṣọ pélébé nu ara ẹ̀rọ àti ògiri kí wọ́n lè gbé eruku rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ísírẹ́lì kò fọwọ́ sí i rí, bẹ́ẹ̀ náà ni Íńdíà àti Pakísítánì. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́, òfin ẹgbẹ́ kò mú un. Ìránì sì jẹ̀bi ohun kan: ilé iṣẹ́ tó kọ́ sí Natanz, 2002 ni ayé tó gbọ́ nípa rẹ̀, ẹnu àwọn ọmọ Ìránì tó ń bá ìjọba wọn jà láti òkèèrè ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń lo òfin. Ní oṣù kẹfà ọdún 1981, ọkọ̀ òfuurufú Ísírẹ́lì fọ́ ilé iṣẹ́ átọ́míìkì Ìráàkì túútúú. Ìráàkì wà nínú NPT nígbà náà, IAEA sì ń yẹ ibẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bínú, wọ́n ṣe ìpinnu 487, wọ́n sì ní kí Ísírẹ́lì ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún IAEA. Títí di òní, Dimona, ilé iṣẹ́ átọ́míìkì Ísírẹ́lì, ṣì wà ní títì. Mordechai Vanunu, tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbé fọ́tò inú rẹ̀ fún ìwé ìròyìn kan ní London ní 1986. Wọ́n tàn án lọ sí Rome, wọ́n jí i gbé, ó sì fẹ̀wọ̀n ọdún 18 jura. Kò sí ìyà kan tó tẹ̀ lé ìpinnu 487. Ti Ìránì ńkọ́? Láàárín 2006 sí 2010, ìpinnu mẹ́rin tó ní ìyà nínú ni ìgbìmọ̀ kan náà ṣe lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sísẹ́ yùréníọ̀mù, ohun inú ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe iná átọ́míìkì àti bọ́ǹbù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ti ń ṣini lọ́nà. Ẹ ká ẹyọ átọ́ọ̀mù yùréníọ̀mù 1,000 bó ṣe ti inú ilẹ̀ jáde. Méje péré nínú rẹ̀ ló wúlò, irú tí wọ́n ń pè ní 235. Ìyókù jẹ́ ìdàrọ́. Wọ́n á sọ ọ́ di gáàsì, wọ́n á wá dà á sínú ẹ̀rọ tó ń yí bírí bírí, kí ìdàrọ́ lè máa yà sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti dé ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó tó fún iná mànàmáná, méje yẹn gbọ́dọ̀ wà láàárín 200, torí náà wọ́n ti da 800 nù. Láti dé ìdá 20, ó ku 35, wọ́n tún ti da 165 nù. Láti dé ìdá 60, ó ku nǹkan bí 12. Láti dé ìdá 90 tí bọ́ǹbù ń fẹ́, ó ku 8. Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti dé 60, ìdàrọ́ mẹ́rin péré ló kù tó máa dà nù. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń kun Ìránì, kò sì sí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kan níbẹ̀ tó nílò ìdá 60.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe dé 60? Àdéhùn tí Ìránì bá Amẹ́ríkà àti àwọn alágbára mìíràn ṣe ní 2015 ní kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 3.67, kò sì gbọdọ̀ ní ju kìlógíráàmù 300 lọ. IAEA yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ léraléra pé Ìránì ń pa á mọ́. Oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni Amẹ́ríkà jáde nínú àdéhùn náà, tó sì dá ìyà padà. Ní 2019 Ìránì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ààlà. Ní oṣù kẹrin 2021 ó dé 60. Nígbà tí Ísírẹ́lì kọlù ú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 2025, ìṣirò IAEA jẹ́ kìlógíráàmù 440.9 tó ti dé ìdá 60. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Fordow, Natanz àti Isfahan. Ẹni tó kọ́kọ́ já àdéhùn ló tún gbé pàṣán.

Ìbéèrè: Íńdíà àti Pakísítánì náà ṣe bọ́ǹbù láìgbàṣẹ. Kí ló dé tí tiwọn fi rọlẹ̀?

Ìdáhùn: Ti Íńdíà kọ́kọ́. Ara ohun èlò inú ẹ̀rọ átọ́míìkì tí Kánádà bá a kọ́ fún iṣẹ́ àlàáfíà ló ti rí èyí tó dán wò ní 1974. Ó dun àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, NSG, kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ẹgbẹ́ náà gan-an, tí Amẹ́ríkà ń tì lẹ́yìn, yọ Íńdíà kúrò lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe nítorí rẹ̀. Ṣáínà ti ń dìde lápá ibẹ̀. Wọ́n nílò Íńdíà.

Ti Pakísítánì hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1985 tó ní kí ààrẹ fọwọ́ sí ìwé lọ́dọọdún pé Pakísítánì kò ní bọ́ǹbù, kí wọ́n tó lè fún un lówó àti ohun ìjà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fọwọ́ sí i, nígbà tí ohun ìjà ṣì ń gba Pakísítánì kọjá lọ bá àwọn ọmọ Afghanistan tó ń bá Rọ́ṣíà jà. Rọ́ṣíà kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní oṣù kejì 1989. Ní oṣù kẹwàá 1990, ààrẹ Amẹ́ríkà ní òun kò lè fọwọ́ sí i mọ́. Ọkọ̀ òfuurufú F-16 méjìdínlọ́gbọ̀n tí Pakísítánì ti ń sanwó lé lórí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bọ́ǹbù kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún náà. Iṣẹ́ tí wọ́n fi Pakísítánì ṣe ló tán.

Ìbéèrè: Bàbá mi máa ń sọ pé Ukraine ló gọ̀, pé ká ní kò jọ̀wọ́ bọ́ǹbù rẹ̀, ẹnikẹ́ni ì bá má kọlù ú. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kí bàbá fún wa. Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣe é fẹnu sọ ní gbólóhùn kan.

Nígbà tí ìjọba Soviet tú ká, nǹkan bí 1,900 bọ́ǹbù ńláńlá ló wà lórí ilẹ̀ Ukraine. Moscow ni kọ́kọ́rọ́ àṣẹ rẹ̀ wà, títọ́jú rẹ̀ sì ń náni lówó. Ní oṣù kejìlá 1994, ní Budapest, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún ààlà Ukraine, àwọn kò sì ní fi ogun lé e. Ibi tí ìwé náà ti jò ni pé ó ṣèlérí, kò dúró onígbọ̀wọ́. Kò síbi tí wọ́n ti sọ pé ẹnìkan yóò rán ọmọ ogun bí ẹlòmíràn bá já ìlérí. Bí wọ́n bá fi bọ́ǹbù átọ́míìkì halẹ̀ mọ́ Ukraine, ìwé náà ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Ìgbìmọ̀ Aláàbò. Rọ́ṣíà sì ní fítò níbẹ̀, ìyẹn agbára láti fi ìbò tirẹ̀ nìkan dá ìpinnu dúró. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2022, ọjọ́ kejì ogun, mọ́kànlá nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dìbò lòdì sí ìkọlù náà. Rọ́ṣíà nìkan ló sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Aṣojú Rọ́ṣíà ló tún jókòó sórí àga alága lóṣù náà.

Líbíà náà jọ̀wọ́ tirẹ̀ ní 2003 kó tó parí. Ní 2011, Amẹ́ríkà, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì wà nínú àwọn tó ju bọ́ǹbù sí i títí Gaddafi fi kú. Àríwá Kòríà máa ń tọ́ka sí ìyẹn bí ìdí tí kò fi jọ̀wọ́ bọ́ǹbù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ sọ fún bàbá pé Gúúsù Áfíríkà ti parí bọ́ǹbù mẹ́fà, ó tú wọn palẹ̀ fúnra rẹ̀, ààrẹ de Klerk sì kéde rẹ̀ ní 1993. Kò sẹ́ni tó kọlù ú. Ilé tí aládùúgbò rẹ̀ ń wá ilẹ̀ gbà ni ọ̀rọ̀ ti le.

Ìbéèrè: Kosovo kéde òmìnira, àwọn alágbára gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Western Sahara ń bẹ̀bẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí wa. Kí ni ìyàtọ̀?

Ìdáhùn: Òfin méjì ló ń forí gbárí. Ọ̀kan ní àwọn ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti yan bí wọn yóò ṣe máa ṣàkóso ara wọn. Èkejì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé lára ilẹ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn. Èyí tí alágbára bá fẹ́ ló máa ń fà yọ, ibẹ̀ sì ni ojúsàájú ti ń ráyè.

Bí a bá fi òfin nìkan wò ó, ti Western Sahara, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mòrókò ní Áfíríkà, lágbára ju ti Kosovo lọ. Láti 1963 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ilẹ̀ tí kò tíì gba ara wọn lọ́wọ́ amúnisìn. Ní oṣù kẹwàá 1975 Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé sọ pé Mòrókò kò ní ẹ̀tọ́ onílẹ̀ tó lè dí àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́ láti yan tiwọn. Kò pé oṣù kan, Mòrókò kó nǹkan bí 350,000 èèyàn wọ ibẹ̀. Ní 1991 àjọ náà rán ikọ̀ kan lọ, MINURSO. Ìbò láti yan òmìnira wà nínú orúkọ ikọ̀ náà fúnra rẹ̀. Wọn kò tíì di ìbò ọ̀hún. Ní oṣù kejìlá 2020, Amẹ́ríkà ní Mòrókò ló nilẹ̀, lọ́jọ́ kan náà tí Mòrókò gbà láti bá Ísírẹ́lì dọ́rẹ̀ẹ́.

Kosovo, tó ya lára Serbia, kéde tirẹ̀ ní 2008. Ilé ẹjọ́ sọ ní 2010, mẹ́wàá sí mẹ́rin, pé kíkéde náà kò rú òfin; wọn kò sọ pé ó ti di orílẹ̀-èdè. Rọ́ṣíà ní ìwà ìrúfin ni, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà ló gbà pé Abkhazia àti South Ossetia, tí wọ́n ya lára Georgia, ti di orílẹ̀-èdè. Nígbà tó gba Crimea lọ́wọ́ Ukraine ní 2014, Kosovo ló fi ṣe ẹ̀rí. Bí a bá ń bá ẹtu wí, ká bá ẹtà wí.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ ojúsàájú gidi yàtọ̀ sí ariwo lásán nígbà tí mo bá ń ka ìròyìn?

Ìdáhùn: Ẹ yọ orúkọ kúrò, kí ẹ fi A àti B rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wò bóyá àwọn méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn kan náà. Ibí ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń wó, torí wọ́n ń fi ẹni tó fọwọ́ sí ìwé wé ẹni tí kò fọwọ́ sí i.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ ìpinnu gan-an. "A pinnu" láti ẹnu Ìgbìmọ̀ Aláàbò, lábẹ́ ìpín keje ìwé òfin àjọ náà, dè wọ́n. "A ń pè é pé kó ṣe báyìí" lè máà dè wọ́n, bí irú ti 487. Ìpinnu nílò ìbò mẹ́sàn-án nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ọ̀kankan nínú àwọn márùn-ún má sì sọ pé rárá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kàn dákẹ́, ìyẹn kì í ṣe fítò. Ìbò Àpérò Gbogboogbò, níbi tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń dìbò, kì í sábà deni, ṣùgbọ́n ó ń fi ojú ayé hàn, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà ní gbangba.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tí orílẹ̀-èdè kan náà sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní 1981 Ìgbìmọ̀ Aláàbò, tòun ti Amẹ́ríkà, sọ pé gbígbà tí Ísírẹ́lì gba òkè Golan lọ́wọ́ Síríà kò múlẹ̀ rárá. Ní 2014 Amẹ́ríkà ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ipá gba Crimea. Ní oṣù kẹta 2019, Amẹ́ríkà gbà pé ti Ísírẹ́lì ni Golan. Ẹ fi A àti B sí i, ẹ ó rí i kedere.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Pé wọn kò mú olè àkọ́kọ́ kò sọ olè kejì di olóòótọ́. Ẹni tó bá ń fi Golan gbèjà ohun tí Rọ́ṣíà ṣe ní Crimea ti fẹ́ kí àwọn méjèèjì lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀ ń pa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù pọ̀ bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Kí ló pa wọ́n pọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ wá ká lọ sí erékùṣù Chagos, láàárín gbùngbùn òkun Íńdíà. Gẹ̀ẹ́sì ya á kúrò lára Mauritius ní 1965, ọdún mẹ́ta kí Mauritius tó gbòmìnira, nítorí Amẹ́ríkà ń wá ibùdó ọmọ ogun sí Diego Garcia. Ní oṣù kejìlá 1966 wọ́n fọwọ́ sí i. Owó tí Gẹ̀ẹ́sì gbà kò sí nínú ìwé tí ará ìlú rí: Amẹ́ríkà yọ mílíọ̀nù 14 dọ́là fún un nínú gbèsè lórí Polaris, ohun ìjà tí ń gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi. Wọ́n fi ilé àwọn èèyàn kan san díẹ̀ nínú owó bọ́ǹbù.

Ọ̀gá àgbà kan ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ lọ́dún náà pé kò ní sí ọmọ onílẹ̀ kankan níbẹ̀ àfi ẹyẹ òkun. Àwọn èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000. Láàárín 1968 sí 1973 ni wọ́n kó gbogbo wọn kúrò. Àwọn tó bá lọ gba ìtọ́jú ní Mauritius kò rí ọkọ̀ padà mọ́. Wọ́n dín oúnjẹ tó ń wọlé kù. Ní 1971 wọ́n kó ajá wọn sínú ilé tí wọ́n ti ń sá àgbọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi èéfín ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pa wọ́n, àwọn ọmọdé sì mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó àwọn olówó ajá sínú ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ fi erékùṣù Falkland wé e. Ní 1982, nǹkan bí 1,800 èèyàn ló wà níbẹ̀, ìran Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n. Argentina gbà á, Gẹ̀ẹ́sì sì jagun tí 255 ọmọ ogun rẹ̀ kú sí, ó ní àwọn ará ibẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti yan tiwọn. Ní 2013 wọ́n ṣètò ìbò fún wọn: 1,513 ní àwọn fẹ́ wà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni mẹ́ta kọ̀. Ìjọba kan náà ni. Iye èèyàn kò yàtọ̀ púpọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣètò ìbò fún àwọn ará Chagos.

Ní 2019 Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní kí Gẹ̀ẹ́sì kúrò níbẹ̀ kíákíá. Orílẹ̀-èdè 116 dìbò pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, mẹ́fà péré ló kọ̀. Oṣù karùn-ún 2025 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Mauritius tó fọwọ́ sí àdéhùn láti dá erékùṣù náà padà. Àdéhùn náà fi Diego Garcia sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun fún ọdún 99. Ó ní Mauritius lè kó èèyàn padà sí àwọn erékùṣù yòókù. Diego Garcia kò sí lára wọn.